Ìbẹta Tó Dá Ẹnì Kan Ṣoṣo Lóhùn

Ọjọ́ Ajé, 7 Ọ̀wàrà
Àwọn Ìbẹta dé. Ẹ̀rọ mẹ́ta, dúdú kirikiri. Zlatina ọmọ mi ní wọn ó jọ máa tọ́jú àwòrán iṣẹ́ wa. Bí ọ̀kan kú, méjì á gbé e ró. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ ní Vienna lókèèrè kó tó padà wá bá mi. Ilé-iṣẹ́ yìí, èmi Nayden, kíláàsì mẹ́rin péré, ayùn kan ṣoṣo ni mo fi dá a sílẹ̀. Ta ló ń kan tábìlì bíi tèmi ní ìlú Troyan yìí?
Ó ní, “Bàbá, orúkọ wo la ó fún àpótí àwòrán inú ẹ̀rọ?” Mo ní MACA. Tábìlì nìyẹn lédè wa. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé lójú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8
Zlatina tẹ orúkọ náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí àpótí. Ti ọ́fíìsì kò rí i. Ti Penko agégi kò rí i. Penko ní, “Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ń ṣojúsàájú o. Ọmọ onílé nìkan ló mọ̀!” Mo rẹ́rìn-ín. Zlatina kò rín. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Plovdiv fẹ́ rí tábìlì wọn ní Àbámẹ́ta. Àwòrán rẹ̀ wà nínú àpótí; mo ní kí n fọwọ́ ya òmíràn. Ó ní, “Rárá, Bàbá. Bí mi ò bá lè ṣe èyí, kí ni mo wá ṣe nílé?”

Ọjọ́rú, 9
Ó ń bá Vienna sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ṣì di àyè iṣẹ́ rẹ̀ mú fún un. Mo gbé ọbẹ̀ mi tì, mo padà sídìí ayùn.

Ọjọ́bọ, 10
Onímọ̀ ẹ̀rọ kan pè láti Sofia. Ọ̀gbẹ́ni Pa-á-Tún-Tàn-án ni mo sọ ọ́ — ìyẹn nìkan ló mọ̀. Wáyà dáa. Àṣẹ ìwọlé dáa. Ó ní ká ka orúkọ àpótí. Èmi fúnra mi kà á ketekete: MACA lára Ìbẹta, MACA níwájú Penko. Lẹ́tà kan kò yẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Háà! Zlatina jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Penko, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ MACA. Ó ṣí. Penko tẹ̀ ẹ́ — kò ṣí. Penko wo ọwọ́ rẹ̀: “Ọ̀gá, ṣé mo dẹ́ṣẹ̀ ni?”
Àṣé kó tó tẹ ohunkóhun, àtàǹpàkò Zlatina a ti yí ẹ̀rọ sí lẹ́tà àwọn ará Vienna; bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, a dá a padà. Ó ti mọ́ ọn lára. Àwa ará ibí ní lẹ́tà tiwa, òun la fi ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà MACA tiwa àti tiwọn jọra bí ìbejì lójú. Ẹ̀rọ mọ̀ pé bàbá wọn yàtọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. “Bàbá, ara mi ló dé o, ọwọ́ mi ṣì wà ní Vienna.” Ó pa orúkọ náà rẹ́, ó fi lẹ́tà wa tún un kọ. Gbogbo kọ̀ǹpútà rí i. Ayùn dún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Hòtẹ́ẹ̀lì gba tábìlì náà. Wọ́n ní kò mì. Tèmi kì í mì.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Zlatina ń wọn yàrá òkè láti àárọ̀. Ó ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Igi tó le jù. Ńlá — kí n kàn án síbẹ̀, kó má lè gba ẹnu ọ̀nà jáde láéláé.