Omi Tí Kò Gbọdọ̀ Hó

Bàbá mi, ẹni tí mo bá jiyàn ju bó ṣe yẹ lọ,

Inú ń bí mi, n kò sì rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún tí kò ní ní kí n ṣe sùúrù. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń jẹ́ kí n bínú tán.

Ilé iṣẹ́ èlùbọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣakí ti gbòòrò. Èmi tí mo kàwé nípa bí a ṣe ń darí iṣẹ́ ni mo pín in: ẹni tó ń bẹ iṣu, kó máa bẹ iṣu, ẹni tó ń lọ̀ ọ́, kó máa lọ̀ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yá. Ó yá lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ń bẹ iṣu láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kì í fojú kan èlùbọ́. Tó bá di oṣù méjì, wọ́n á ti lọ. Èmi á wá máa pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba Sàúdá, opó kan láti Ago-Amodu. Mo fà á lé Bàbá Múrí lọ́wọ́, ọ̀gá ìdí ìkòkò tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ fún un? "Ṣáà máa wò mí." Ó tán! Sàúdá wò ó. Ó rí i pé ọ̀gá náà yóò tọwọ́ bọ omi gbígbóná, yóò fi í síbẹ̀ láìmira, yóò ní ó ti tó, yóò da iṣu sí i. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi ìkòkò kan sílẹ̀ fún un. Ó tọwọ́ bọ omi, omi jó o, ó fà á yọ. Ló bá dúró títí omi fi tutù débi tí òun náà lè fi ọwọ́ síbẹ̀ láìmira bíi ti ọ̀gá rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá tó ti wà nídìí iná láti ọgbọ̀n ọdún! Ìgbà náà ló tó da iṣu sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti kan.

Bàbá Múrí pariwo lójú gbogbo èèyàn: "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé omi ìwẹ̀ ọmọ lo rò pé ò ń gbé kaná ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Bàbá mi. Sàúdá bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga mi, ó lọ.

Aṣọ kíká yẹn ló ń bí mi nínú. Ta ló sọ fún un pé omi yẹn kò gbọdọ̀ hó, kò sì gbọdọ̀ tutù? Ta ló sọ ìdí rẹ̀ fún un, pé tó bá hó, iṣu á jinná, tó bá tutù, á kan?

Nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹni tuntun kì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ó mú un yí gbogbo ibẹ̀ ká, láti ìdí òkìtì iṣu dé ìdí ẹ̀rọ. Tí omi bá ti tó, ẹ ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, òun náà á ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ ó jọ máa kà á sókè. Iye tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà kó tó sá jáde, òǹkà tirẹ̀ nìyẹn, òun ni yóò fi máa mọ omi tó tó. Kò gbọdọ̀ lo ti ẹlòmíràn. Èlùbọ́ àkọ́kọ́ tó bá ṣe, ẹ ó dì í fún un lọ sílé, kí àwọn ará ilé rẹ̀ jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń pòṣé pé ẹ tún ti fi odidi ọjọ́ kan ṣòfò. Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí? Kí ló dé tí ẹ kàn ń fi fìlà fẹ́ ara yín, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín? Àbí ẹ̀yin náà rò pé kí n ṣáà máa wò yín ni?

Láàárọ̀ ìjẹta, mo lọ sí Ago-Amodu, mo bẹ Sàúdá. Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń wá o, ọ̀gá. Ẹ kọ́ mi níṣẹ́."

Lánàá, èmi, òun, àti Bàbá Múrí tó fajú ro, a yí ìkòkò ká, a tọwọ́ bọ̀ ọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ọwọ́ ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ sá jáde? Tèmi. Ení, èjì, ó tán. Sàúdá ka márùn-ún. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí, n kò bínú.

Iṣu rẹ̀ ń gbẹ lórí àpáta báyìí. Òun ni yóò lọ̀ ọ́. Èmi fúnra mi ni n ó dì í fún un lọ sílé.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọwọ́ rẹ̀ kò kọjá èjì.