Ẹ̀sùn lórí Ayálégbé Tí Wọ́n Fi Tipá Sọ Di Ẹbí Mi

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Corduff, Blanchardstown,
Dublin 15.

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Ẹrẹ́nà, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn lórí Owó Ìfẹ̀yìntì,
Dublin 2.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ILÉ-IṢẸ́ ALÁGBÀTỌ́ DUNMARROW FẸ́ LÉ AYÁLÉGBÉ JÁDE NÍNÚ ILÉ OWÓ ÌFẸ̀YÌNTÌ MI LÁÌTỌ́

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín: inú ń bí mi. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì bínú, ńṣe ló máa ń dà bíi pé mo ń tọrọ àforíjì. Pẹ̀lúmi ọmọ mi yóò túmọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì rí ìtumọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ̀dọ̀ bomi là á.

Mo ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń tẹ́ pákó sílẹ̀ ilé onílé. Ọdún 2001 ni mo wá sí ìlú yìí láti wá ààbò, n kò sì rí ẹni tí yóò bọ́ mi nígbà tí eékún mi bá kọṣẹ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá àpò owó ìfẹ̀yìntì tèmi sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí Dunmarrow sì ń bá mi ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Owó inú àpò náà la fi ra ilé kan nítòsí Blanchardstown. Owó tí ayálégbé ń san níbẹ̀ kì í dé ọwọ́ mi. Inú àpò náà ló ń lọ títí n ó fi fẹ̀yìn tì.

Òfin tó de irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣókùnkùn sí mi. Èmi kò gbọ̀dọ̀ gbé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá bá mi tan kò sì gbọ̀dọ̀ gbé ibẹ̀, ì báà máa san owó ilé pé. Mo pa òfin yìí mọ́ débi tó dùn mí. Nígbà tí Olúwadámilọ́lá, ọmọ àbúrò mi, ń wá ilé, tí ilé náà sì ṣófo, mo sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Bàbá rẹ̀ ní mo ti di Òyìnbó, pé mo fẹ́ràn òfin ju ẹ̀jẹ̀ mi lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní.

Ejẹ́ǹtì ló wá Rafiat Tọ̀yìbátù, ayálégbé inú ilé náà, rí. Nọ́ọ̀sì ni. N kò mọ̀ ọ́n rí. Dunmarrow fúnra wọn yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fọwọ́ sí i, iye tí gbogbo àdúgbò ń san ló sì ń san. Ọjọ́ tí òrùlé ń jò, tí mo tẹ̀lé ejẹ́ǹtì lọ wò ó, ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í pé ọmọ ta ni, ó ní Ìsẹ́yìn ni bàbá òun wà. Láti ìgbà náà ni ìyàwó mi, Olúfúnmilọ́lá, ti máa ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Àbí òfin owó orí ti ka ọbẹ̀ léèwọ̀ ni?

Nígbà tí Rafiat fẹ́ lọ́kọ, wọ́n fi físà du bàbá rẹ̀. Bàbá náà pè mí lórí fóònù, ó sunkún, ó ní kí n bá òun jókòó sípò òun, kí ọmọ òun má lọ sílé ọkọ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Ta ni yóò kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi àti ìyàwó mi jókòó, tọkọtaya kúnlẹ̀ níwájú wa, a gbọ́wọ́ lé wọn lórí, a súre fún wọn. Wọ́n ya fọ́tò wa. Rafiat gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ ilé náà, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń gbé.

Fọ́tò yìí ni òṣìṣẹ́ Dunmarrow tó wá díye lé ilé náà rí. Ó dá mi mọ̀, ó sì ya fọ́tò ti fọ́tò. Láìpẹ́, wọ́n kọ̀wé sí mi pé ọmọ mi ni ayálégbé náà, pé ó gbọ́dọ̀ jáde kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Bí kò bá jáde, wọn yóò fi mí sun àwọn agbowó orí, àwọn yẹn yóò sì ka ilé náà sí owó tí mo kó sápò ara mi, wọn yóò sì gba owó orí ńlá lórí rẹ̀. Mo fi ìwé ìbí Rafiat hàn wọ́n, orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Wọ́n ní fọ́tò ti sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ní ó kù ni pé kí n lọ búra níwájú lọ́yà pé kò sí ohunkóhun láàárín èmi àti Rafiat, pé ìjókòó mi lọ́jọ́ náà kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìwọ̀sí gbáà nìyí. Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ibi tí ọmọ ti jogún igba ojú. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi ni mo fi òfin lé sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mi tan ni wọ́n wá fẹ́ lé nítorí pé mo súre fún un. Àwọn tó fi ọmọ bíbí inú wọn sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn wà nílùú yìí, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rafiat pọn ọmọ tuntun rẹ̀ wá sílé wa. Ó ti ń di ẹrù. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kó jáde, kí iṣẹ́ ọwọ́ mi má baà ṣòfò nítorí òun. Ibo ni yóò gbé ọmọ náà lọ ní Dublin yìí, níbi tí èrò ti ń tò nítorí yàrá kan ṣoṣo? Mo ní kó lọ tú ẹrù rẹ̀.

Mo bẹ yín, ẹ pàṣẹ fún Dunmarrow kí wọ́n fi Rafiat lọ́rùn sílẹ̀, kí ẹ sì là á yé wọn pé ẹ̀jẹ̀ àti ìgbéyàwó ni òfin ń wò, kì í ṣe ìkúnlẹ̀. Mo ṣetán láti fi Bíbélì búra pé n kò bí i, pé n kò mú kọ́bọ̀ nínú owó ilé rẹ̀, pé n kò sì dín in kù fún un. Ṣùgbọ́n n kò ní búra pé kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Bó bá jẹ́ pé ìbúra yẹn nìkan ni yóò tẹ́ yín lọ́rùn, kí àwọn agbowó orí wá mú ohun tí wọ́n bá fẹ́ mú. N kò mọ ẹnu tí n ó fi sọ fún bàbá kan ní Ìsẹ́yìn pé mo lé ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ síta kí ọjọ́ ogbó mi lè dùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara da ìbínú mi dé ìparí.

Èmi ni tiyín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ àti tìbínútìbínú,

Ládiípọ̀ Adélékan,
Olùdarí, Ilé-iṣẹ́ Atẹ́pákó Adélékan.