Ẹ Wá Pa Àbíkẹ́yìn Wa Lẹ́rìn-ín

                                        Ilé Ìfọṣọ,
                                        Òdìkejì Ilé-epo,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ pákó, ẹ kú ariwo ayùn. Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìka tí òòlù gbá yẹn, ṣé ó ti san? Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìkíni mọ síbẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ mí.

Mo pè yín títí, ẹ ní ẹ ó pè mí padà, ẹ ò pè. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ tí mo sì fi rán awakọ̀ wa, kí ẹ má baà sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Ohun tó ti bàjẹ́ nìyí. Àbíkẹ́yìn wa ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó sùn lórí ìdúró nídìí tábìlì tó ti ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ oníbàárà sì jóná ráúráú. Awakọ̀ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń sùn lórí ẹrù aṣọ lọ́sàn-án gangan, ẹ̀fẹ̀ ló ń fi í ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀ ń sọdá títì, ìyẹn dá àpárá kan, ẹ̀rín gbé e, orúnkún rẹ̀ méjèèjì yẹ̀, ó nà gbalaja níwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọlọ́run ló ní kí bíréèkì mú. Onígbàjámọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá mọ̀. Èmi náà mọ̀, ọ̀lẹ ni mo kà á sí. Ẹ̀yin gan-an mọ̀, torí ó ti ṣubú lójú yín rí, ní pálọ̀ Ìyá, nígbà tí ẹ wá kí wa kẹ́yìn.

Láti ọjọ́ títì yẹn ni Ìyá ti tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, èyí tí a máa ń kó àpótí sí. Ẹ mọ fèrèsé rẹ̀, onírin, ògiri ilé kejì ló kọjú sí. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, ike omi kan. Bí Ìyá bá ń jáde, á fi kọ́kọ́rọ́ tì í níta. Ó ti pa rédíò. Ó ti kìlọ̀ fún ayálégbé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣàwàdà nítòsí ibẹ̀. Òun alára ò lè pẹ́ níbì kan mọ́. Tó bá jáde, á máa sáré bọ̀ bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ti àwọn méjèèjì mọ́lé. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Nílé wa báyìí, ẹ̀rín gan-an ni wọ́n fòfin dè.

Ẹ má rò pé kò lè já ilẹ̀kùn o. Ọkùnrin tó ń dá gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ! Mo bá a sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, ó ní, "Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀. Kò sí títì níbí." Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi eyín di ètè mú kí ẹ̀rín má baà jáde. Ẹ̀gbọ́n, ojú rẹ̀ ti dà bí ògiri tó ń wò.

Èmi ò lè jókòó máa wo irú ìyẹn. Mo wádìí, mo gbọ́ pé dókítà oorun kan wà ní ọsibítù ńlá fún ìgbà díẹ̀. Mo dúró kí Ìyá wọ ilé ìwẹ̀, mo yọ́ mú kọ́kọ́rọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo mú ọmọ lọ.

Dókítà gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní àìsàn oorun ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ó ní ilẹ̀kùn tó wà láàárín oorun àti ojú lílà nínú ọpọlọ rẹ̀ ni kì í tì dáadáa. Oorun á já wọlé lọ́sàn-án. Bí ẹ̀rín tàbí ayọ̀ òjijì bá dé, gbogbo iṣan ara á dẹ̀ bíi ti ẹni tó ń lálàá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là, ọkàn rẹ̀ jí. Àní èyí tí Ìyá ń sọ pé nǹkan ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárọ̀, tó jí àmọ́ tí kò lè mira, ara àìsàn kan náà ni. Ó ní oògùn wà. Ó ní tó bá ń sùn tó sì ń jí lákòókò kan náà lójoojúmọ́, tó sì ń rẹjú díẹ̀ lọ́sàn-án, á padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kò ní í di áyọ́ọ̀nù mú mọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ náà ńkọ́?" Mo fọ́nnu pé oorun tí mò ń sùn ò tó nǹkan. Kò yìn mí. Ó ní ẹni tí kì í sùn tó, gbèsè ló ń jẹ ara rẹ̀. Híhanrun Ìyá pàápàá, tí èémí rẹ̀ máa ń dúró lójijì lójú oorun, ó ní ká mú un wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Dókítà bi Àbíkẹ́yìn léèrè bó ṣe máa ń rí tó bá ṣubú. Ó ní ó dà bíi kí wọ́n ti èèyàn mọ́ inú ara rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni, kí ọwọ́ kọ̀. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ lórí òun lòun ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ pálọ̀ yẹn, ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ẹ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ." Gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, tó fi dé orí "jàre."

Dókítà fẹ́ rí ìṣubú yẹn fúnra rẹ̀, kó fi òòlù kékeré gbá a lórúnkún. Ó ní orúnkún apirọrọ á ta. Tirẹ̀ ò ní ta. Mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí fún Ìyá. Àmọ́ ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Mo sọ àwàdà kan tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òwò. Dókítà wò mí. Àbíkẹ́yìn wò mí. Mo gbé báàgì mi. Nígbà tá a délé, Ìyá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn, ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó ní, "Ìwọ àti ìwé ẹ! Kí àkọ́bí mi wá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi, màá ṣí i."

Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa rí wa kẹ́yìn kó tó padà síbi tó ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi ò mọ̀ bóyá yàrá yẹn máa ṣí mọ́.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún ọmọṣẹ́ yín kó bá yín mójú tó àga oníbàárà tí ẹ̀ ń kàn.

Kí ẹ dé ní Ọjọ́rú kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn Ìyá. Ní Ọjọ́bọ̀, níwájú dókítà, kí ẹ ṣe bí onílé wa àtijọ́ tó máa ń sín tó bá ń bínú. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tiyín, kò sì sí ẹ̀rín tí ọmọ yẹn lè fi eyín dì mú níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá dúró sí, èmi ni màá gbá a mú. Bó bá ti délẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ sọ dípò ọ̀rọ̀ pálọ̀ yẹn. Ó máa gbọ́.

Èmi ni àbúrò yín tí ò lè dúró,
Màdáàmù Kíákíá.