Ta Ló Ń Jí Omi Táǹkì Mi?

Ìgàndó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 1989.

Ràbíátù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Sùúrùlérè níbẹ̀ yẹn? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ò pa ọ́ lára? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí yóò bà mí nínú jẹ́ nípa yín. Èmi náà wà, àfi orúnkún tó ń dùn mí, ewúrẹ́ wa sì ti bí méjì, abo ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ṣáwà tí o ní kí wọ́n ṣe sí balùwẹ̀ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń wẹ̀, torí omi tó ń ti òkè já lu èèyàn lórí ò yé mi, àfi bí o bá wá nìkan la ń ṣí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí a bá fa omi kún táǹkì nírọ̀lẹ́, tó bá fi máa di òwúrọ̀, á ti fà wálẹ̀. Mo ní èyí kì í ṣe ojú lásán. Ta la jọ ń gbé? Cecilia ni, tíṣà tó gba yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ náà mọ́ tónítóní ju bó ṣe yẹ lọ, aṣọ rẹ̀ ń dán lójoojúmọ́, mo bi ara mi pé omi ta ló ń lò? Mo fi àgádágodo ti balùwẹ̀, omi ṣì ń lọ. Mo ní áà, ó ti gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀.

Bí mo ṣe mú bírò nìyẹn, mo kọ ọ́ pé kí olè omi kó jáde kí oṣù tó parí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó kà á, kò bú mi, ó kàn ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé korobá sábẹ́ ṣáwà yẹn ná, òun ń gbọ́ ìró omi láti yàrá òun. Mo ní ẹ̀tàn ni. Mo sáà gbé e síbẹ̀, mo tún ti ilẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi. Nígbà tí mo jí kírun àsùbá, korobá ti kún, ó ń ṣàn dànù! Ẹnu ṣáwà fúnra rẹ̀ ló ń jò, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, kò sì sinmi.

Mo ránṣẹ́ pe Ṣóbọ̀wálé, púlọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkòtún, mo jókòó tì í, ojú mi ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú u, ó yọ rọ́bà roboto kan bí ojú ẹja, ó ní rọ́bà náà ló ti jẹ tí omi fi ń jò. Mo ní kékeré yìí? Mo gbà á, mo dì í sétí aṣọ, kó má lọ tà á fún ẹlòmíràn. Ó fi tuntun sí i, ó wé ọ̀rá funfun mọ́ ọrùn irin, mo bi í pé ta ló kú. Ó tún ní ihò ẹnu ṣáwà ti dí, kí n wá ọtí kíkan tí wọ́n ń pè ní fínígà kí òun rẹ ẹ́ sínú ẹ̀. Ọtí kẹ̀, nínú ilé tí mo ti ń kírun! Cecilia ló gbé tirẹ̀ jáde, tó rẹ irin náà sínú abọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí àpótí tó ti dì wà. Ṣá, kò jò mọ́.

Ojú tì mí, ọmọ mi. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó tú ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé ni mo fi pe òun lólè lójú aládùúgbò, ìwé náà ni kí n fi sọ pé òun ò jalè, kí n sì buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lùwé kẹ̀! Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba ilé lọ́wọ́ opó kọ́ nìyẹn? Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, èyí ló dùn mí jù. Mo wá kọ ọ́ pé, Cecilia ò jí omi, ṣáwà ló ń jò, èmi ni mo ṣì í sọ. Mi ò buwọ́ lù ú o. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ya ti àkọ́kọ́, ó lẹ ti èyí síbẹ̀. Gbogbo àlejò ló ń dúró kà á. Ó ti tú ẹrù rẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó iṣẹ́ Ṣóbọ̀wálé ránṣẹ́, kí o fi ti oògùn orúnkún mi lé e. Má fi gba báńkì o, àwọn náà fẹ́ràn kí èèyàn máa buwọ́ lùwé. Ẹni tí mo mọ ojú rẹ̀ ni kí o fi rán.

Ọlọ́run yóò bo àṣírí rẹ. Ilé rẹ ò ní tú. Bí o bá ṣi èèyàn fura, wàá rí ẹni tí yóò dárí jì ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀dínátù.