Àìsàn Ìfun Ọkọ Mi Yàtọ̀ sí Ti Àbúrò Rẹ̀

Àǹtí Marjorie, ẹ kú iṣẹ́ ètò yín lórí rédíò, ẹ sì kú òtútù Halifax yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Inú rírun àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń da ọkọ mi àti Rhoda, àbúrò rẹ̀, láàmú. Kólàítìsì, àìsàn egbò ìfun, ni ti Rhoda. Inú ìfun ńlá nìkan ni egbò náà wà. Wọ́n gé ìfun náà kúrò, ara rẹ̀ sì yá. Láti ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi ti ń sọ fún ọkọ mi pé, "Ìwọ náà lọ ṣiṣẹ́ abẹ. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

Ṣùgbọ́n àìsàn ìfun mìíràn tí wọ́n ń pè ní Kúróònù ni ti ọkọ mi. Dókítà ní egbò tirẹ̀ lè yọ níbikíbi láti ẹnu dé ìdí, kódà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, nídìí oúnjẹ, Màmá pè é ní ojo. Ọkọ mi dìde, ó jáde. Rhoda wá sọ pé, "Màmá, tèmi ṣeé gé sọnù. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò ṣeé gé tán." Ni Màmá bá bú sẹ́kún.

Ojoojúmọ́ ni Màmá ń pè é lórí fóònù báyìí láti tọrọ àforíjì, ọkọ mi ò gbé e. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dá sí ọ̀rọ̀ wọn, àbí kí n dúró títí inú rẹ̀ á fi rọ̀?