Ọkùnrin Inú Fóònù Tí Ó Bá Wa Tú Alùpùpù

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́? Àwa ń mí, a sì ń jẹun, ọpẹ́ ni. Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ, ẹni tí yóò ṣe ọ́ lóore kò ní sùn gbàgbé. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n má fi gbogbo lẹ́tà rojọ́ alùpùpù. Mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alùpùpù ló wà nílẹ̀.

O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà ni dókítà ojú ń wá sí ọsíbítù òkè odò, Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n sì fi ìyá rẹ sí. Ojú náà ti burú, ẹ̀gbẹ́ ife ló ń da omi sí. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ni alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, tó ń tu èéfín dúdú. Mẹkáníìkì wa ti lọ sin àna rẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í gba ọ̀nà wa lẹ́yìn òjò. Ìyá rẹ ní kò burú, òun á dúró de oṣù mẹ́fà mìíràn, ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n yọ nínú ewu. Ẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà ló ń bà á. Ó ń ba èmi náà, n kò kàn sọ ni.

Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn, tí o sì fi ọkùnrin inú fóònù yẹn, èyí tí o pè ní fídíò, ránṣẹ́. O ṣeun, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ rẹ̀ í rò. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì délẹ̀, mo gbé fóònù lé e, mo kọjú rẹ̀ sí alùpùpù kí ó lè rí i dáadáa. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dáhùn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ọkùnrin yìí kò wojú mi rárá. Ó ní kí n yọ ìjókòó, mo yọ ọ́. Ó ní kí n dẹ òrùka tó so ọrùn àpótí afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo ní kó ní sùúrù, nọ́ọ̀tì tiwa ti dógùn-ún, kò dúró dè mí.

Àpótí náà jáde ṣá. Àpótí ńlá báyẹn, fóòmù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, bí asẹ́, pẹ̀lú eruku àti ẹyin ọmọńlé méjì. Ọkùnrin náà ní kí n fi àkísà dí ẹnu ẹ́ńjìnnì kí nǹkan má bàa já sí i. Mo rí àkísà kan lórí okùn, mo fi dí i. Mo fọ fóòmù, mo sá a. Mo wá tọrọ gáfárà pé kí n lọ tọ̀. Kí n tó dé, ó ti lọ. Fóònù kọ ọ́ síbẹ̀ pé dátà ti tán. Bí dátà bá tilẹ̀ tán, ṣé bí àlejò ṣe ń lọ láìdágbére nìyẹn? Mo dá gbogbo rẹ̀ padà fúnra mi. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló ṣẹ́kù, mo kó wọn sójú fèrèsé, mo gbà pé àwọn tó ṣe alùpùpù ló fi wọ́n ṣe ènì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tẹ alùpùpù títí itan fi ń ro mí, kò fọhùn. Ìyá rẹ ti múra, ó jókòó pẹ̀lú káàdì ọsíbítù lọ́wọ́, ó ní kí n fi í sílẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó wá ní kí n tiẹ̀ bá òun wo sikáàfù òun tí òun sá sórí okùn láti ìjẹta.

Ọmọ mi, ara mi tutù. Mo gbé sípánà. Títú ẹlẹ́ẹ̀kejì kò pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Mo fa sikáàfù yọ lọ́nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì. Ìyá rẹ gbóòórùn rẹ̀, ó ní ta ni wọ́n máa fi aṣọ dí nímú tó máa gun òkè. Ó rẹ́rìn-ín, ó wé e mọ́rí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú òórùn epo. Alùpùpù dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Fọ́ọ̀mù ọsíbítù béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo kọ mẹkáníìkì. Wọ́n ṣe ojú náà. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ìyá rẹ wò mí pẹ́, ó ní ṣé bí mo ṣe hewú tó nìyí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni. Nígbà tí a délé, láti ẹnu ọ̀nà ló ti béèrè ohun tí nọ́ọ̀tì mẹ́ta ń ṣe lójú fèrèsé.

Jọ̀wọ́ fi owó sikáàfù tuntun ránṣẹ́, àti ti dátà. Bá mi bẹ ọkùnrin náà kó padà wá fi ibi tí nọ́ọ̀tì yìí ń gbé hàn mí. Ọlọ́run yóò dá ọ padà wá bá wa láyọ̀, ojú wa yóò sì rí ọ.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Má wulẹ̀ yọ ọkùnrin náà lẹ́nu mọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ó ní kí n gbé sípánà wá, òun ti rí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.