Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Ṣẹ̀dá

Ìlú Ọ̀jọ́, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹfà, 1954

Màámi bi mí ní ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní sùkúù lónìí. Mo ní òǹkọ̀wé eré kan wà nílùú òyìnbó láyé àtijọ́; bí ọ̀rọ̀ kò bá tó o lò, á ṣẹ̀dá tuntun. Àwọn òyìnbó ṣì ń sọ ọ́ dòní.

"Bàbá rẹ náà ṣẹ̀dá ọ̀kan. Ẹ̀rín-èbúté. Ẹ̀rín tí mo máa ń rín bí ọkọ̀ ẹja wọn bá gúnlẹ̀ láyọ̀."

N kò gbọ́ ọ rí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ mọ́?"

"Látìgbà tí wọ́n ti kú, ta ni n ó rín in sí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá mà bá Bàbá lọ. Mo di ọwọ́ Màámi mú, mo ní kí wọ́n tún un sọ.

Wọ́n tún un sọ. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n sì rín ẹ̀rín náà.